Iṣẹ́ apòògùn kò mọ sí ojú fèrèsé

Sí Olóòtú,

Àpilẹ̀kọ yín lórí ìtọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV dára, àmọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo ni ẹ fi dárúkọ apòògùn: pé òun ló ń fún wọn lóògùn. Iṣẹ́ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ lórí oògùn lè má fojú kan dókítà fún oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò ní ṣaláì wá gba oògùn. Apòògùn ló sì lè bi í léèrè gbogbo ohun tó ń lò, títí kan èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ rà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Dolutegravir, tó wà nínú hóró tí ọ̀pọ̀ ń lò ní ẹyọ kan lójúmọ́, kì í bá oògùn inú tó ní magnesium tàbí aluminium rẹ́: wọ́n á so mọ́ra nínú ìfun, ara kò sì ní lè fà á mu dáadáa. Kí ó lo dolutegravir ní wákàtí méjì ṣáájú oògùn inú náà, tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní èròjà irin, àti kálísíọ̀mù, ń ṣe bákan náà, àmọ́ bó bá lo àwọn àti dolutegravir pọ̀ mọ́ oúnjẹ, kò séwu. Bí wọ́n bá fún un ní rifampicin nítorí ikọ́ ife, 50 mg dolutegravir lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kò tó mọ́. Ó di ẹ̀ẹ̀mejì, títí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí rifampicin bá parí. Èyí tètè ń bọ́ sọnù níbi tí ẹni tó ń tọ́jú ikọ́ ife bá yàtọ̀ sí ẹni tó ń tọ́jú HIV. Alátọ̀gbẹ tó ń lo metformin pọ̀ mọ́ dolutegravir kò gbọdọ̀ kọjá 1,000 mg metformin lójúmọ́.

Kíka hóró náà wúlò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan máa ń da ìyókù nù kí wọ́n tó wá. Ẹni tó gba 90, tó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 84, hóró 6 ló yẹ kó ṣẹ́ kù. Bó bá ku 20, ọjọ́ 14 ló ti fò. Bí kò bá ku ẹyọ kan, ẹ bi í bóyá ó ń pín in fún ẹlòmíràn. Àmọ́ ta ni yóò dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lójú fèrèsé tí èrò tò sí? Yàrá kékeré kan ni kí wọ́n fún apòògùn.

Kí èsì àyẹ̀wò iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ náà máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá kọjá 1,000 nínú mílílítà kan, kí wọ́n tó ronú àtipààrọ̀ oògùn, kí apòògùn kọ́kọ́ wádìí bó ṣe ń lò ó àti ohun tó ń lò mọ́ ọn, kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bó bá jẹ́ pé oògùn inú ló fà á, pípààrọ̀ nìkan kò wo nǹkan kan sàn.

Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá kọjá láìyọjú, kí wọ́n pè é láàárín ọjọ́ díẹ̀, bó bá ti gbà tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n máa pe òun. Bí ẹlòmíràn bá gbé fóònù náà, kí wọ́n má dárúkọ oògùn tàbí ilé ìwòsàn.

Èmi ni tiyín,
Apòògùn kan