Lẹ́tà sí àbúrò mi ní Carmarthen, lórí òwìwí tí ọmọ wa yà

Àbúrò mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí bàálé rẹ, mo kí ọmọ wa. Iṣẹ́ alẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run á máa fún ọ lókun.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù ni mo ń fèsì sí. Mo kọ ọ́ síta gbangba nítorí mo mọ̀ pé ìwọ nìkan kọ́ ni ìyá Yorùbá tó ń tọ́mọ ní Wales tí ọ̀rọ̀ yìí ń kọ lóminú. O ní ọmọ wa ya obìnrin kan tí wọ́n fi òdòdó ṣe, tó wá di òwìwí, o sì ní kó lọ sọ ọ́ nù. O ní òwìwí kì í ṣe ẹyẹ tí ọmọ Krìstẹ́nì ń yà. O tún ní o fẹ́ kọ̀wé sí olùkọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má fi àwọn ìtàn àtijọ́ Welsh kọ́ ọ mọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì kọ ọ́. Ka tèmi ná.

Orúkọ obìnrin yẹn ni Blodeuwedd. Ẹ̀ka kẹrin Mabinogi, àkójọ ìtàn àtijọ́ Welsh tó ní ẹ̀ka mẹ́rin, ni ìtàn rẹ̀ wà. Ìyá kan tó ń jẹ́ Arianrhod ló bínú sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Lleu, tó gégùn-ún fún un pé kò ní fẹ́ ìyàwó láé nínú ìran èèyàn tó wà lórí ilẹ̀. Ni àwọn onídán méjì, Math àti Gwydion, bá já òdòdó igi oak, wọ́n já ti broom, wọ́n já ti meadowsweet, wọ́n fi ṣe obìnrin kan tí ẹwà rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, wọ́n fà á lé Lleu lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni ò bi í bóyá ó fẹ́ ẹ. Ìgbà tí ọkọ lọ sí ìrìn àjò, ìjòyè kan tó ń ṣọdẹ, Gronw Pebr, gba iwájú ilé kọjá. Ojú wọn ṣe mẹ́rin, ọkàn obìnrin náà sì lọ.

Bí wọ́n ṣe gbìmọ̀ àtipa Lleu nìyẹn. Blodeuwedd bẹ̀rẹ̀ sí í tu ọkọ rẹ̀ lójú pé ẹ̀rù ikú rẹ̀ ń ba òun, kó sọ ohun tó lè pa á kí òun lè máa ṣọ́ ọ. Ọkọ tú àṣírí: àfi bí òun bá fi ẹsẹ̀ kan lé ẹ̀yìn òbúkọ, tí òun fi ìkejì lé etí ọpọ́n ìwẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan létí odò, kí ẹnì kan sì ju ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi odindi ọdún kan rọ, tó jẹ́ ìgbà Máàsì ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni wọ́n ń rọ ọ́. Nígbà tí ọ̀kọ̀ ṣe tán, obìnrin náà ní kó wá fi bó ṣe máa dúró han òun. Ó lọ, ó dúró bẹ́ẹ̀. Gronw ju ọ̀kọ̀.

Lleu ò kú, idì ló dà, ó sì fò lọ. Gwydion wá a títí ó fi rí i, ó sọ ọ́ di èèyàn padà, ó wá sọ Blodeuwedd di òwìwí. Ó ní kò gbọdọ̀ yọjú lọ́sàn-án mọ́, nítorí gbogbo ẹyẹ yóò máa lé e, wọn yóò máa ṣá a. Ṣé o rí i pé àwọn Welsh tó sọ ìtàn yìí ò ka òwìwí sí ẹyẹ iyì, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ò ṣe kà á sí? Ìjìyà ni wọ́n fi í ṣe. Dèlílà ńkọ́? Òun náà fi ìfẹ́ tan ọkùnrin títí ó fi sọ ibi tí agbára rẹ̀ wà. Bí ọmọ wa bá ya Sámúsónì lọ́la, wàá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀ ni.

Ní tèmi, ohun tó yẹ kí o bi ọmọ náà ni pé: ta ló jẹ̀bi jù nínú wọn? Èmi ò tíì lè dá Blodeuwedd láre, ó fẹ́ pààyàn. Ṣùgbọ́n inú máa ń bí mi sí àwọn ọkùnrin méjì tó ṣe èèyàn bí ẹni ń hun apẹ̀rẹ̀, tí wọn kò sì ronú pé ohun tí wọ́n fún ní ọkàn á fẹ́ nǹkan tirẹ̀. Ọmọ tó bá lè jiyàn lórí èyí ti ń kọ́ ọgbọ́n.

O tún ní ìtàn kèfèrí ni. Ta ló kọ wọ́n sílẹ̀? Àwọn onímọ̀ gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ní ilé àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ọkùnrin Krìstẹ́nì tó fi ayé wọn jin Ọlọ́run, ní Strata Florida ni wọ́n ti kọ Ìwé Funfun Rhydderch, ní nǹkan bí ọdún 1350; inú rẹ̀ ni ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Mabinogi wà. Ìwé Dúdú Carmarthen tún ṣáájú ìyẹn, ní nǹkan bí ọdún 1250, ìlú tí o ń gbé yẹn gan-an ló sì ń jẹ́. Ewì ìyìn sí Ọlọ́run wà nínú rẹ̀, ewì Myrddin tí gbogbo ayé ń pè ní Merlin wà nínú ìwé kan náà, ewì ilẹ̀ tí òkun bò mọ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò rò pé ọ̀kan yóò ba èkejì jẹ́. Àwọn ìwé méjèèjì wà ní ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè Wales ní Aberystwyth lónìí.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ò tilẹ̀ sí nínú Mabinogi. Ìtàn àdúgbò yín ni, ìtàn Llyn y Fan Fach, adágún kan lábẹ́ òkè, lókè Llanddeusant.

Ọmọ opó kan láti Blaensawdde ń da màlúù ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Ó rí obìnrin kan tó jókòó sójú omi, tó ń ya irun rẹ̀, omi ló sì fi ṣe dígí. Ọ̀dọ́kùnrin náà na búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sí i. Obìnrin ní búrẹ́dì rẹ ti gbẹ jù, mímú mi kò rọrùn, ó sì wọ omi lọ. Ìyá rẹ̀ ní kó gbé èyí tí kò tíì wọ iná lọ lọ́jọ́ kejì. Obìnrin ní èyí tutù jù, òun ò fẹ́. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé èyí tí iná kàn rà díẹ̀ lọ, ìyẹn ló gbà. Bàbá obìnrin náà jáde látinú adágún pẹ̀lú ọmọbìnrin méjì tí a kò lè dá mọ̀ yàtọ̀, ó ní kí ọkùnrin náà mú èyí tó ń fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn rọra ti ẹsẹ̀ síwájú díẹ̀, ọkùnrin náà sì fi bó ṣe de okùn bàtà rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bàbá ní òun yóò fi àgùntàn, màlúù, ewúrẹ́ àti ẹṣin ta ọmọ òun lọ́rẹ, iye tó bá lè kà láìmí. Ọmọ gbọ́n o. Ó ń kà á ní márùn-ún márùn-ún: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, títí èémí fi tán.

Àdéhùn kan ló wà: bí ọkọ bá lù ú lẹ́ẹ̀mẹta láìnídìí, yóò padà sílé. Ọkọ ò tilẹ̀ nà án rí ní ti ká na èèyàn. Wọ́n ń lọ síbi ìrìbọmi ọmọ kan, ẹsẹ̀ obìnrin wúwo, ọkọ fi ìbọ̀wọ́ gbá a léjìká pé kó yára, ìyẹn ọ̀kan. Níbi ìgbéyàwó, àwọn èèyàn ń yọ̀, ó bú sẹ́kún. Ọkọ tún fọwọ́ kàn án, ó ní kí ló dé. Ó ní nítorí pé wàhálà àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Níbi ìsìnkú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó kú ti bọ́ nínú wàhálà. Ọkọ fọwọ́ kàn án pé kó dákẹ́. Ìyẹn ni ẹ̀kẹta.

Obìnrin náà lọ sínú oko ní Esgair Llaethdy, ó ń pe àwọn màlúù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, abilà, alámì tótòtó, arúgbó olójú funfun, akọ funfun láti ààfin ọba. Ó wá ní, "Àti ìwọ, ọmọ màlúù dúdú kékeré tó wà lórí ìkọ́, máa bọ̀ nílé ní àlàáfíà." Wọ́n ti pa ọmọ màlúù yẹn o, wọ́n ti gbé e kọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn. Àwọn akọ màlúù mẹ́rin tó ń túlẹ̀ lọ́wọ́ fa ohun ìtúlẹ̀ dání wọ inú omi, ìtàn sì ní ojú poro tí wọ́n là ṣì wà níbẹ̀.

Ka ìtàn yẹn lẹ́ẹ̀kejì, kí o wá sọ fún mi pé kò kàn ọ́. Ìwọ tó o mọ bí ojú wọn ṣe máa ń rí tí o bá sunkún níbi tí àwọn ń rẹ́rìn-ín! Àwọn Welsh ló sọ ìtàn yìí nípa ara wọn, pé àlejò kan wá bá àwọn pẹ̀lú ọrọ̀ rẹ̀, àwọn ò ní sùúrù láti bi í léèrè ohun tó ń rí tí àwọn ò rí, ó sì bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ọmọ wa mọ̀ ọ́n kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó sọ fún un.

Ìwọ náà ò ní ṣàì fẹ́ràn ìparí rẹ̀, torí iṣẹ́ rẹ ni. Obìnrin náà padà wá bá àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, ó fi ewé àti egbò ìwòsàn hàn wọ́n. Rhiwallon, àkọ́bí rẹ̀, àti àwọn ọmọ Rhiwallon di oníṣègùn Rhys Gryg, olórí kan ní Deheubarth ní ọ̀rúndún kẹtàlá. Èyí kì í ṣe àlọ́ mọ́: àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní ti oníṣègùn Myddfai, abúlé kan ní Carmarthenshire, wà nínú Ìwé Pupa Hergest, ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ Welsh míì, òkúta ìrántí àwọn méjì nínú ìran náà, tí wọ́n kú ní 1719 àti 1739, sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Myddfai.

Ti Mari Lwyd tó bà ọ́ lẹ́rù nígbà Kérésì kò tó ìjà. Agbárí ẹṣin ni, wọ́n da aṣọ funfun bò ó, wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, wọ́n ń gbé e kiri ojúlé. Kì í ṣe egúngún, ẹnikẹ́ni ò pè é ní baba tó tọ̀run bọ̀. Orin ni wọ́n fi ń jà lẹ́nu ọ̀nà, ará ìta àti ará ilé, ẹni tí orin rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló pàdánù. Bí ará ilé bá pàdánù, á ṣílẹ̀kùn, á fún wọn lóúnjẹ.

Ṣùgbọ́n ti Branwen, n ò lè kánjú sọ ọ́. Wọ́n mú un láti Wales lọ fún Matholwch, ọba Ireland. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan, Efnysien, bínú pé wọn ò bi òun kí wọ́n tó fa ọmọ fọ́kọ, ó gé ètè àti etí ẹṣin àlejò. Branwen ló jẹ ìyà rẹ̀. Wọ́n lé e lọ sí ilé ìdáná, alápatà á sì máa wá gbá a létí lójoojúmọ́ bó bá ti ṣe tán níbi ẹran gígé. Ọdún mẹ́ta. Ó mú ẹyẹ starling kan, ó ń sìn ín létí ọpọ́n tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun, ó ń kọ́ ọ lọ́rọ̀, ó sọ irú èèyàn tí ẹ̀gbọ́n òun Bendigeidfran jẹ́ fún un, ó so lẹ́tà mọ́ ìdí ìyẹ́ rẹ̀. Ẹyẹ yẹn gba orí òkun kọjá. Bendigeidfran tóbi débi pé ẹsẹ̀ ló fi wọ́ òkun lọ gba àbúrò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé odò tí kò ní afárá, ó dùbúlẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó ní ẹni tó bá jẹ́ olórí, kó jẹ́ afárá. Ogun náà run wọ́n. Àwọn méje péré ló kù nínú ọmọ ogun rẹ̀. Ìbànújẹ́ ló pa Branwen létí odò Alaw ní Anglesey, níbi tó ti ń wo erékùṣù méjèèjì tó parun nítorí òun. Mo ti gbé Cardiff rí, o mọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ kà á, ìwọ ni mo sì máa ń rántí, torí ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí, òkun sì wà láàrin wa.

Ọ̀rọ̀ èdè ló kù. Ní Carmarthenshire, gẹ́gẹ́ bí ètò ìkànìyàn ọdún 2021, bíi 40 nínú èèyàn 100 ló ń sọ Welsh. Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn iléèwé kan ń so pákó mọ́ ọmọ tó bá sọ Welsh lọ́rùn. Ọmọ náà á gbé e fún ẹlòmíì tó bá tún sọ ọ́, ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí iléèwé bá parí ló máa jẹ ẹgba. Ìwọ náà rántí iléèwé tiwa, ìtanràn tí a ń san torí Yorùbá. Ọmọ tó ń mú ìtàn Welsh wálé lónìí ń mú ohun tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ìyá-ńlá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wálé. Àwa kọ́ ló yẹ ká já a gbà.

Bí ojú ọjọ́ bá dáa ní Sátidé tí o ò níṣẹ́, ẹ wa mọ́tò lọ sí Llanddeusant, kí ẹ fẹsẹ̀ gun òkè lọ sí adágún náà. Ẹ wọ bàtà tó nípọn, ẹ mú aṣọ òjò, ẹ mú búrẹ́dì dání. Ẹ ó rí ìdídò kan níbẹ̀, wọ́n mọ ọ́n láti máa gbé omi lọ sí Llanelli. Sọ fún ọmọ kó má bínú, adágún náà ti wà tipẹ́ ṣáájú rẹ̀. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ yà ní Myddfai. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ pe Màmá. Mo ti sọ ohun gbogbo fún wọn. Wọ́n ní ẹnu ọmọ náà ni àwọn fẹ́ ti gbọ́ ìtàn obìnrin inú omi, àwọn náà á sì sọ ti Ọya fún un, bí ọdẹ ṣe rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ sílẹ̀ tó di obìnrin, bó ṣe gbé awọ náà pa mọ́, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọtí mú un tú àṣírí. Wọ́n ní kó jókòó dáadáa, nítorí ó gùn.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ.