Ipò kìíní kò sọ pé ológoṣẹ́ kò dín kù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde nípa ẹyẹ kíkà ọdọọdún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ, ń pè ní Big Garden Birdwatch. Inú mi dùn pé ẹ fún un láàyè, torí ìwé ìròyìn tó ń fi èdè wa sọ̀rọ̀ ẹyẹ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n àkọlé yín, pé ológoṣẹ́ ló tún gbégbá orókè, lè mú kí òǹkàwé rò pé ara dẹ ẹyẹ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní oṣù Kíní ọdún 2025, èèyàn tó lé ní 590,000 ló fi wákàtí kan ṣọ́ ẹyẹ, tí wọ́n sì ka èyí tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Ológoṣẹ́ ló pọ̀ jù lóòótọ́, ó sì ti lé lógún ọdún tó ti wà nípò náà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1979, tó jẹ́ pé àwọn ọmọdé ni wọ́n dìídì dá a sílẹ̀ fún, bí ológoṣẹ́ 10 ni wọ́n ń rí nínú ọgbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó fi máa di 2009, kò pé 4 mọ́. Starling, ẹyẹ dúdú tó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo ra á lára, ló ṣíwájú láyé ìgbà yẹn: bíi 15 nínú ọgbà kan. Lọ́dún 2009, ó ku bíi 3. Ní 2025, ó bọ́ sí ipò kẹrin, kò sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tó gbé ológoṣẹ́ dókè nìyẹn: ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló já wálẹ̀ jù ú lọ. Àwọn méjèèjì ló wà nínú ìwé pupa, ìyẹn àkójọ àwọn ẹyẹ tí ọ̀rọ̀ wọn ń kọ àwọn onímọ̀ lóminú jù lọ níbí.

Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà kà á lọ́dọọdún, ìdí nìyẹn tí a fi lè fi ọdún kan wé èkejì. Ìparí ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kíní ni, nígbà tí òtútù ti lé ẹyẹ wá sítòsí ilé. Èyí tó bà nìkan lèèyàn ń kà, èyí tó fò kọjá kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ológoṣẹ́ 3, tí 6 tún jọ bà lẹ́yìn náà, 6 lẹ máa kọ, kí ẹ má baà ka ẹyẹ kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ pé wọ́n kọ́ wa nílé pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó kà á, ta ni ì bá mọ̀ pé starling ń lọ?

Ẹ ò ní rí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ yìí o, torí ọ̀dọ̀ wa nílẹ̀ Áfíríkà ló máa ń wà lóṣù Kíní. Ní Ebbaken nítòsí Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn tó ń ti Yúróòpù wá máa ń sùn pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀.

Abẹ́ òrùlé ni ológoṣẹ́ máa ń kọ́ ìtẹ́ sí. Bí wọ́n ṣe ń tún ilé ṣe tí wọ́n ń dí gbogbo ihò pa, tí wọ́n ń da kọnkéré sí iwájú ilé kí mọ́tò lè ríbi dúró, bẹ́ẹ̀ ni ibùgbé rẹ̀ àti kòkòrò tó fi ń bọ́ ọmọ ń tán lọ. Mò ń rí i ní àdúgbò wa ní Peckham, ó sì ń dùn mí gan-an. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ nílé níbí, kí ẹ tó pe birikílà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo abẹ́ òrùlé yín bóyá ẹyẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fún wọn lóúnjẹ, ẹ máa fọ ohun tẹ́ ẹ fi ń bọ́ wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, torí àrùn tó ń ràn nídìí oúnjẹ ti pa ẹyẹ greenfinch lọ bẹẹrẹ láti ọdún 2006.

Olóòtú, nígbà tí àbájáde mìíràn bá jáde, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ iye ti 1979 sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tuntun fún ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ sì ti kéde ọjọ́ kíkà náà ṣáájú, kí àwọn tó ń gbé inú fúláàtì mọ̀ pé kò di dandan kéèyàn ní ọgbà. Wọ́n lè kà á ní páàkì àdúgbò wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù