Ẹ má kó ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé agbaṣẹ́ṣe kan lọ́wọ́: ìwé ẹ̀bẹ̀ àwa awakọ̀ kòròpé àti Micra

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa, nípasẹ̀ Ìgbìmọ̀ Tẹ́ńdà.
Ẹ̀dà sí àwọn Káńsẹ́lọ̀, Ìyálọ́jà, àti àwọn Baálẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Alága wa,

A kí yín, a kú iṣẹ́ ìlú. Àwa awakọ̀ tí à ń ná gáréèjì ọjà sí àwọn abúlé la kọ ìwé yìí, lẹ́yìn ìpàdé wa ti ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Àwa 44 la jókòó. Ẹni méjì ò fọwọ́ sí i, wọ́n ní ìwé kì í yí ìjọba lọ́kàn padà. Àwa yòókù ní ká kọ ọ́ ná.

Ìkéde tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹnu géètì sẹkitéríàtì ló gbé wa dìde. A kà níbẹ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ gbé iṣẹ́ àgbàṣe ọkọ̀ èrò jáde, ọkọ̀ tí yóò máa gbé ọmọ iléèwé àti àwọn alájàpá lójoojúmọ́ ní ọ̀nà mẹ́rin, ní iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ dá. Inú wa dùn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà wá mọ́ àwọn tó ń ba ètò jẹ́. Ọmọ tiwa náà wà lára àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí iléèwé, ìyàwó tiwa náà ló ń ru gààrí wá sọ́jà. Bí ẹ ṣe fẹ́ gbé iṣẹ́ náà jáde ni ẹ̀bẹ̀ wa dá lé lórí.

Ìkéde yẹn ní ẹnì kan ṣoṣo ni yóò gba ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó gbọ́dọ̀ ní bọ́ọ̀sì mẹ́wàá tí kò tíì lò ju ọdún márùn-ún lọ, ìwé ìṣirò owó ọdún mẹ́ta tí oníṣirò ti yẹ̀ wò, àti ìwé ẹ̀rí owó orí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni wọ́n fún wa kí tẹ́ńdà, ìyẹn gbígba ìwé lọ́wọ́ àwọn tó ń du iṣẹ́ náà, tó padé.

Alága wa, ta ló ní bọ́ọ̀sì mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ ní àgbègbè wa? Tòkunbọ̀ la ń wà. Kòròpé tí èèyàn rà ní Èkó lánàá lè ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá síbí. Ẹni tí ìkéde yìí bá mu, ìta ni yóò ti wá. Nígbà tó bá sì gba iṣẹ́ tán, gáréèjì wa ni yóò padà wá, pé ká bá òun wà á ní ìdajì owó. Owó ìjọba yóò ti gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá kó tó kan táyà.

A ò wá fi òfin dẹ́rù bà yín, ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Àfikún kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ló fi gáréèjì ọkọ̀ sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin gan-an la wá bẹ̀, kì í ṣe Gómìnà. Ní ti ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2007 lórí rírajà àti gbígbé iṣẹ́ jáde, tí í ṣe ti àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán ni kí ìkéde tẹ́ńdà gbangba fi wà níta. A ò ní kẹ́ ẹ fún wa ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà. Mẹ́rin tó wa.

Ọ̀rọ̀ owó ló wúwo jù nínú ẹ̀bẹ̀ wa, ẹ bá wa fara balẹ̀ kà á.

Bí ìkéde ṣe là á sílẹ̀, agbaṣẹ́ṣe ni yóò máa gba owó lọ́wọ́ èrò, ₦300 lọ́wọ́ àgbà, ₦100 lọ́wọ́ ọmọ iléèwé. Inú rẹ̀ ni yóò ti ra epo, inú rẹ̀ ni yóò ti san awakọ̀. Ìjọba yóò fi ìrànwọ́ díẹ̀ kún un lóṣooṣù, iye kan náà fún ọdún méjì gbáko. Lọ́jọ́ ọjà, kò sí wàhálà. Kòròpé ń gba èrò méje, yóò kún lálọ, yóò kún lábọ̀. Ṣùgbọ́n ọrọọrún ni ọjà wa, ọjọ́ mẹ́ta ló sì wà láàárín ọjà kan àti èkejì. Lọ́sàn-án ọjọ́ mẹ́ta yẹn, bí a bá rí èrò mẹ́ta, a dúpẹ́.

Ẹ wo ọ̀nà tó jìn jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kìlómítà 14 ni, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 28. Pẹ̀lú kòtò tó wà lójú ọ̀nà yẹn, kòròpé tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáa yóò jẹ tó lítà mẹ́ta. Ká ní lítà kan jẹ́ ₦1,000, epo nìkan ti di ₦3,000. Èrò mẹ́ta lálọ, èrò mẹ́ta lábọ̀, ₦300 lẹ́nìkọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ ₦1,800. A ò tíì dárúkọ ọ́ìlì, a ò tíì dárúkọ fọganáísà, awakọ̀ ò tíì jẹun.

Kí ni awakọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ṣe? Ohun tí à ń ṣe lónìí náà ni. Yóò jókòó sí gáréèjì títí ọkọ̀ yóò fi kún. Ohun tó ń mú kí ọmọ iléèwé pẹ́ nìyẹn, ohun tó ń mú kí aboyún tó fẹ́ lọ gba kíláàsì ní ọsibítù jókòó nínú oòrùn fún wákàtí kan nìyẹn. Ẹ ti bú wa lórí rẹ̀ rí, ẹ ò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé iṣẹ́ yìí jáde bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ọ̀dà ìjọba nìkan ni ọkọ̀ yóò fi yàtọ̀.

Ohun tí a fẹ́ ni pé kẹ́ ẹ sanwó ìrìn. Kí owó èrò máa lọ sápò ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà lára, kí ìjọba wá máa san iye kan pàtó fún ìrìn kọ̀ọ̀kan tí ọkọ̀ bá rìn lásìkò, ìbáà kún, ìbáà ṣófo. Ìrìn tí a kò bá rìn, ẹ má san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Èyí tó bá pẹ́, ẹ gé lára owó rẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí awakọ̀ tún ń dúró de èrò keje fún. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ní àbúrò tó ń wa bọ́ọ̀sì ní London. Òun ló ṣàlàyé fún wa pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyẹn: owó èrò ń lọ sọ́dọ̀ Transport for London, àjọ ìjọba tó ń darí ọkọ̀ èrò ìlú náà; ilé-iṣẹ́ tó ni bọ́ọ̀sì ń gba owó iṣẹ́ tó ṣe. London kọ́ nibí, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá iléèwé lè fọwọ́ sí ìwé ìrìn ní ìpẹ̀kun kan, kí ẹni tí Baálẹ̀ bá yàn fọwọ́ sí i ní ìkejì. Kò gba kọ̀ǹpútà.

Epo tún ńkọ́? Iye kan náà fún ọdún méjì kọ́ la lè fi wa ọkọ̀. Kí wọ́n tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 pé ìrànwọ́ orí epo ti tán, lítà bẹntiróòlù kò tó ₦200 ní iléepo NNPC, ilé-iṣẹ́ epo ìjọba. Kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, ó ti kọjá ₦600 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ọlọ́dún méjì ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, ẹ fojú inú wo bí yóò ṣe rí. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé àdéhùn pé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni a ó máa jókòó wo iye epo, kí owó ìrìn gòkè bí epo bá gòkè, kó sì wálẹ̀ bó bá wálẹ̀. A sọ pé kó wálẹ̀ náà o.

Ẹ má jẹ́ kí owó pẹ́ pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú wa ti bá àjọ kan gbé èrò rí, a ò ní dárúkọ wọn. Oṣù méje ló fi lọ, ló fi bọ̀, kó tó rí owó rẹ̀ gbà. Olówó ọkọ̀ ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Òfin 2007 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ní owó tó bá kọjá 60 ọjọ́ lẹ́yìn tí ìwé owó dé ti pẹ́ jù, èlé sì wà lórí rẹ̀. Àwa tí à ń ra epo láràárọ̀ kò lè dúró fún 60 ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ká máa gbà á.

Ní ti ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní tẹ́ńdà tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbà ju méjì lọ. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa sílẹ̀ kí a lè du ọ̀kan nínú wọn. Ẹ jẹ́ kí ìwé ìdókòwò ẹgbẹ́ àti ìwé ọkọ̀ wa dúró fún ìṣirò ọdún mẹ́ta tí a kò ní, kí ìwé VIO, àwọn aláyẹ̀wò ọkọ̀ ti ìjọba, sì dúró fún ọjọ́ orí ọkọ̀. Ọkọ̀ tó bá yege lọ́wọ́ VIO, kí lẹ fẹ́ fi ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe? Kì í ṣe ohun tuntun là ń bèèrè. Nígbà tí Èkó bẹ̀rẹ̀ BRT, bọ́ọ̀sì tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ní oṣù Kẹta 2008, láti Mile 12 dé CMS, nǹkan bíi kìlómítà 22, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn awakọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. LAMATA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò, la ọ̀nà, ó kọ́ ibùdókọ̀, awakọ̀ wá wa ọkọ̀. Àwọn bọ́ọ̀sì náà gbó nígbà tó yá, ọwọ́ mìíràn sì gba ọ̀nà yẹn ní 2015. Síbẹ̀, wọ́n fún ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ láyè nínú ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

À ń sunkún, a ṣì ń ríran. Àwa náà ní àléébù. À ń kó èèyàn méjì sí iwájú. Àwọn kan nínú wa máa ń fi iná kan wa ọkọ̀ lóru. Àwọn agbèrò wa ti sọ̀rọ̀ sí ìyá àgbà tó ru ẹrù ní ọ̀nà tí kò yẹ kí ọmọ Yorùbá sọ̀rọ̀ sí àgbà. Bí ẹ bá kọ ìyà gbogbo èyí sínú ìwé àdéhùn, a ó fọwọ́ sí i. Kí ẹni tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà náà, ìbáà ṣe Alága ẹgbẹ́ wa.

Bí gbogbo èyí bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi ọ̀nà kan dán wa wò fún oṣù mẹ́ta. Ẹ má fún wa ní èyí tó dùn. Ọ̀nà kìlómítà 14 yẹn ni kẹ́ ẹ fún wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún ọjọ́ tí tẹ́ńdà yóò padé síwájú, kẹ́ ẹ sì pè wá. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, a ó kó ìwé ọkọ̀ 26 wá sí sẹkitéríàtì. Ọjọ́ náà kò bọ́ sí ọjọ́ ọjà, nítorí náà kò ní sí èrò púpọ̀ tí yóò máa retí wa ní gáréèjì.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,

Alága, Akọ̀wé àti Akápò ẹgbẹ́,
fún àwa awakọ̀ 42 tó fọwọ́ sí i.