Lẹ́tà sí Tọ́ntọ́n mi ní Kétu, lórí ìbéèrè tí ẹ bi mí nígbà ọyẹ́

Tọ́ntọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ooru ìdí mótò.

Oṣù Kejìlá tí mo wálé, ẹ bi mí lójú àwọn ọmọṣẹ́ yín ní garáàjì lẹ́bàá Àkàbà Ìdènà pé kí ni mò ń kọ́ gan-an nílùú òyìnbó, mo ní ẹ́ńjìnnì tó ń sáré ju ohùn lọ, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín mo dẹ̀ dákẹ́. Mo rò pé kò lè yé ẹni tó ń tú kàbúrétọ̀ ọ̀kadà zem. Ẹ forí jì mí.

Torí ohun tẹ́ ẹ fi ń pariwo lé mi lórí náà ni: ẹ̀sáǹsì nìkan kì í jó, àfi kóun àti atẹ́gùn wọra wọn. Tí ẹ̀sáǹsì kpayo bá pọ̀ jù, bújì tó ń ṣáná sí i á dúdú, mótò á máa wúkọ́. Àsìkò ni tiwa fi le. Nínú scramjet, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn, kò sí písítọ̀n tó máa há atẹ́gùn mọ́, ó ń sáré ju ohùn lọ gba inú ẹ̀ kọjá ni, kó tó wọlé kó tó jáde ò ju bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, láàárín yẹn lepo gbọ́dọ̀ wọlé kó pò mọ́ ọn kó gbiná kó dẹ̀ jó tán. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ dín eré ẹ̀ kù, ooru tó máa ti ibẹ̀ jáde á fẹ́ẹ̀ yọ́ irin.

Tẹ́ ẹ bá tu epo ní ìbú látara ògiri, atẹ́gùn á kọlù ú gbàà, wọ́n á pò dáadáa, ó máa yí po lẹ́yìn ẹ̀ bí omi lẹ́yìn òpó afárá, àmọ́ agbára tó yẹ kó ti ọkọ̀ síwájú á ṣòfò síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kó rọra bá atẹ́gùn rìn, àwọn méjèèjì á kàn máa lọ bí èrò ọjà tí ò kíra wọn.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé gan-an rèé. Lọ́jọ́ yẹn ẹ fẹ́ tan sìgá, ọyẹ́ pa ìṣáná lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá kọjú sógiri, ẹ fọwọ́ méjèèjì ṣe kòtò, iná dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa! Wọ́n máa ń gbẹ́ kòtò kékeré sára ògiri ẹ́ńjìnnì, atẹ́gùn tó ń sáré á gba orí ẹ̀ kọjá, díẹ̀ á yà síbẹ̀, á máa yí jẹ́jẹ́, iná á rí ibi gbé, á máa ran èyí tó ń kọjá.

Ọkọ̀ òfuurufú X-43A ti Amẹ́ríkà, tó ń lo scramjet, sáré tó bí ìlọ́po 9.6 ti ohùn lọ́jọ́ 16 oṣù Kọkànlá 2004, haidirójìn ló jó, bí ìṣẹ́jú àáyá 10 péré. Òmíràn tiwọn, X-51A, jó epo tó jọ kẹrosíìnì fún ìṣẹ́jú àáyá 210 lọ́dún 2013. Ẹ má rẹ́rìn-ín jàre, mo mọ̀ pé zem yín ń ti Kétu dé Pobè láìkú.

Tí mo bá tún dé, kàbúrétọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ tú níwájú àwọn ọmọ yẹn, kí n fi ihò kékeré tí ẹ̀sáǹsì ń gbà hàn wọ́n, ká tó débi ọ̀rọ̀ òfuurufú. Ẹ bá mi kí Tanti. Sìgá yẹn náà, ẹ dín in kù.