Ẹ dákun, eku kọ́ ló ba réluwé yẹn jẹ́

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àwọn réluwé àtijọ́. Ti 1829 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, tí ẹṣin gun orí ọkọ̀, tí ẹṣin náà ń rìn lójú kan kí táyà irin lè yí, mo rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi yọjú wò mí. Ṣùgbọ́n ẹ ní eku tó jẹ awọ ló pa réluwé afẹ́fẹ́ tí Brunel, ẹnjiníà Gẹ̀ẹ́sì nì, ṣe ní Devon nílẹ̀ wọn. Awọ ni iṣẹ́ ìdílé wa, n kò lè dákẹ́.

Páìpù irin ńlá ló wà láàrin ojú irin. Ẹ̀rọ ẹ̀bá ọ̀nà ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn sì ń ti písítìn, irin tó dí inú páìpù, tó so mọ́ ọkọ̀ lọ. Páìpù náà ní ojú gbọọrọ lókè tí irin ìsopọ̀ ń gbà kọjá. Awọ ni wọ́n fi bò ó, wọ́n fi ọ̀rá ẹran pa á. Ó sáré o, ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan! Oṣù Kẹsàn-án 1847 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò, nígbà tó fi di Oṣù Kẹsàn-án 1848, wọ́n ti pa á tì.

Awọ tí a rẹ sínú omi èèpo igi tàbí èso bàgàrúwà kó má bàa jẹrà kì í bá irin gbé. Àkúfọ́ irin ni bàbá mi máa ń rẹ sómi, ìpẹtà rẹ̀ ló fi ń sọ awọ ewúrẹ́ di dúdú bíi kóró iṣin. Nígbà tí idẹ wọ́n, èmi náà fi òrùka irin sára àpò oníbàárà kan. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, ibi tí irin ti kan awọ ti dúdú. Mo fi èékánná họ ọ́, ó ń bó bí èèpá. Mo dá owó padà, mo tún gba èébú lé e.

Ẹ wá wo ti Devon: awọ lórí irin, létí òkun. Páìpù dógùn-ún, ìpẹtà wọ awọ. Ẹ̀rọ ń fa ọ̀rá ara awọ náà dànù, omi ń wọlé, otútù sì sọ ọ́ di gbagidi. Eku lè tọ́ ọ̀rá náà wò. Eku ń jẹ awọ tiwa náà, a ṣáà ń rán òmíràn.

Réluwé tiwa níbí ò kúkú ya Ọ̀yọ́, Òṣogbo ló gbà lọ sókè, ta ni ì bá bi àwa oníṣẹ́ awọ léèrè? Àpò yẹn ṣì wà lórí ìṣó ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó wá fọwọ́ kàn án.

Oníṣẹ́ awọ kan,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́.