Ẹ̀tù Tí N Kò Rà, Owó Tí Mo San Lẹ́ẹ̀mejì

16 March

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ẹ̀ka Ìtọ́jú Oníbàárà

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Òṣìṣẹ́ yín ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 21 February, lẹ́yìn tí mo ti ro ẹjọ́ mi fún un lẹ́ẹ̀mẹta, arábìnrin náà mí kanlẹ̀, ó ní bí Gẹ̀ẹ́sì bá ń ni mí lára, kí n lọ fi èdè mi kọ ọ́ ránṣẹ́, pé ẹ ní àwọn tó máa túmọ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti wà ní Texas. Gẹ̀ẹ́sì yìí náà ni mo fi gba ìwé ìwakọ̀, òun ni mo fi gba ìwé ọmọ ìlú, òun ni mo sì fi ń bá dókítà ẹran nájà nígbà gbogbo tó bá dárúkọ owó tó ju ẹran lọ. Kò tíì sí ẹni tó ní òun ò gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n àṣẹ yín ni. Èdè mi rèé. Ẹ gbé e fún àwọn atúmọ̀ yín, kí ẹ sì bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n má fo ẹyọ gbólóhùn kan.

N kò ní tún ọ̀rọ̀ ọjà náà rò látìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín: nọ́ḿbà ọjà, ọjọ́ tí mo sanwó, àti fọ́tò mẹ́rin tí ẹ ti ní kí n fi ránṣẹ́ nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kẹ́ẹ̀gì ẹ̀tù ìbọn H4895 oníwọ̀n pound mẹ́jọ ni mo rà. IMR 4895, ẹ̀tù mìíràn, lẹ gbé wá. Inú gáréèjì ni mo ti la páálí náà, mo wo lẹ́tà tó ṣíwájú nọ́ḿbà, mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún wò ó. N kò tú ìdérí rẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀, mo sì pè yín lójú ẹsẹ̀, 19 January nìyẹn.

Kò sí ẹni tí kì í ṣàṣìṣe. Ẹni tó gbé fóònù lọ́jọ́ náà bẹ̀ mí dáadáa, ó ní láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ tó ní àṣẹ máa wá gbé e lọ, èyí tí mo rà gan-an á sì tẹ̀ lé e. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, mi ò bá ti gbàgbé, mi ò bá tún padà wá rajà lọ́wọ́ yín.

Ọkọ̀ kò wá. Mo pè ní 27 January, wọ́n ní kí n fún àwọn ní wákàtí 48. Àfi bí aago tiyín bá yàtọ̀ sí tiwa, wákàtí 48 yẹn ti di ọ̀sẹ̀ méje.

Mo tún pè ní 5 February, ọmọkùnrin kan ló gbé fóònù. Ó ń rún yìnyín lẹ́nu. Mo ń gbọ́ ọ, gbàù, gbàù, bí ẹni ń fọ́ èkùrọ́. Ó ní kí ni ìṣòro mi, ṣé kì í ṣe 4895 ni mo rà, ṣé kì í ṣe 4895 náà ni wọ́n gbé wá? Ọ̀kan náà ni, kí n máa lò ó. Mo ní ẹ̀tù méjì ni o, kì í ṣe ọ̀kan. Ó ní òun ti wà nídìí iṣẹ́ yìí fún oṣù mẹ́jọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ́ ọmọ yẹn kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, àjẹkù 4895 tí iṣẹ́ ológun kò nílò mọ́ ni Bruce Hodgdon rà, òun ló sì fi bẹ̀rẹ̀ òwò ẹ̀tù rẹ̀ ní Kansas. Nọ́ḿbà ológun yẹn ló wà lára ẹ̀tù méjèèjì dòní. Wọ́n jẹ́ ẹbí, wọn kì í ṣe ìbejì. Australia ni wọ́n ti ń ṣe H4895. Èyí tí ẹ gbé wá fún mi, Canada ni wọ́n kọ sí i lára. Nínú ìwé ìwọ̀n tí àwa tó ń fọwọ́ ara wa kì ọta ń tẹ̀ lé, ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, ìwọ̀n ọ̀kan kì í sì í ṣe ìwọ̀n èkejì. Àwọn àgbà wa bèèrè pé bí ìbọn lápátí, bí kò lápátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ẹnu rẹ̀ sí òun? Òṣìṣẹ́ yín ní kí n kọ ọ́ sí ara mi, ó sì ń rún yìnyín lọ.

Kì í ṣe pé mo ń ṣakọ. Irú ọta tí wọ́n ń pè ní .22-250 ni ìbọn mi ń yìn. Ọta rẹ̀ kéré, eré rẹ̀ sì pọ̀, agbára inú rẹ̀ ti sún mọ́ góńgó kí oòrùn tó dá sí i. Ní ilẹ̀ tiwa níbí, bí August bá dé, ẹ ò lè fọwọ́ kan irin ọkọ̀. H4895 kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ìwà padà nítorí ooru. Ìdí tí mo fi ń rà á láti ọjọ́ pípẹ́ wá nìyẹn. Bí mo bá fẹ́ òmíràn, mo mọ̀ ọ́n kọ.

Ọdẹ ni bàbá tó bí mi, ní Òkè-Ògùn. Ṣakabùlà ló ń yìn, àtẹ́lẹwọ́ ló sì fi ń wọn ẹ̀tù. Bàbá yẹn kò mọ a, kò mọ b. Síbẹ̀, bí ẹ bá fún un ní ẹ̀tù tí kò mọ ibi tó ti wá, á bu fínńfín sórí òkúta, á ṣáná sí i, á dúró wo bí ó ṣe jó àti bí èéfín rẹ̀ ṣe rí, kí ó tó jẹ́ kó wọ inú àdó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà, tí ẹ ní ẹ̀rọ tó ń ka àmì ara páálí, ẹ kò lè ka lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ní 14 February, ímeèlì yín wọlé. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo jẹ́ kí ẹ yanjú ọ̀rọ̀ náà, ẹ ti pa fáìlì rẹ̀ dé, kí n jọ̀ọ́ fún yín ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ọ̀rọ̀ ta lẹ yanjú? Kẹ́ẹ̀gì yín ṣì wà ní kọ̀rọ̀ gáréèjì mi títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mo lẹ bébà pupa mọ́ ọn, mo kọ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN sí i gàdàgbà gadagba, kí ọmọkùnrin mi má lọ ṣèèṣì gbé e.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ arábìnrin 21 February. Ó ní bí n kò bá dá ẹ̀tù padà, kò sí owó. Mo ní ọkọ̀ tí ẹ ṣèlérí ńkọ́? Ó ní kò sí ọkọ̀ kankan, kí n gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, kí n fi ránṣẹ́ bíi ti gbogbo ènìyàn. Mo bi í léèrè, mo ní, “Ẹ̀tù ìbọn? Ilé ìfìwéránṣẹ́?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo oníbàárà ló ń ṣe é.

Ẹ̀yin ọ̀gá, òfin USPS, ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, kò gba ẹ̀tù ìbọn láyè rárá, ìbáà ṣe ẹ̀kún ṣíbí kan. UPS àti FedEx tó ń fi ẹrù kíkó ṣòwò pàápàá kì í gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé ẹrù eléwu lọ́dọ̀ wọn. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí òun gan-an ni ẹ fi gba dọ́là 30 lọ́wọ́ mi lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí owó ọjà. Ó wá di èmi, aláwọ̀ dúdú, pẹ̀lú ohùn Òkè-Ògùn mi tí ẹ̀ ń pè ní ìṣòro, kí n gbé pound mẹ́jọ ẹ̀tù há abíyá, kí n wọ ilé ìjọba àpapọ̀, kí n tò sórí ìlà lẹ́yìn àwọn ìyá arúgbó tó ń ra sítáǹbù, kí n sì gbé e lé káńtà. Bí wọ́n bá dì mí lọ́wọ́ sẹ́yìn, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá ṣàlàyé fún ọlọ́pàá? Nígbà tí mo sọ fún un pé kò bófin mu, ìgbà yẹn ló rántí pé Gẹ̀ẹ́sì mi kò yé òun.

N kò tíì parí. Ní 3 March, báńkì mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́: ẹ ti tún yọ dọ́là 30, owó ẹrù eléwu, fún èyí tí ẹ fẹ́ fi pààrọ̀. Mo yọ̀, mo ní ó ń bọ̀. Mo dúró dé 9 March kí n tó pè, ni wọ́n bá ní H4895 ti tán nílé ẹrù yín láti January. Ẹrù tí kò sí, ewu wo ló wà nínú ẹ̀?

Ewúrẹ́ ni mo ń sìn, lẹ́yìn odi Houston. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń ṣe ìkómọ tàbí tó ń ṣòkú àgbà níbẹ̀ ló mọ ẹnu géètì mi. February sí March ni àwọn abo ń bímọ, àwọn coyote, ajá igbó ilẹ̀ yìí, sì mọ oṣù náà jù mí lọ. Ọta mọ́kànlá péré ló kù fún mi nígbà tí ẹ̀yin ń ka wákàtí 48. Mo lọ ra páálí méjì tí wọ́n ti kì tán ní ṣọ́ọ̀bù. Ìbọn mi kò gba tiwọn, ó ń tu wọ́n ká bí ẹni fọ́n àgbàdo fún adìyẹ. Ilé aládùúgbò sì wà lẹ́yìn pápá mi, n kì í yìn ohun tí n kò mọ ibi tó máa lọ. Ọmọ ewúrẹ́ mẹ́rin ló lọ. Téègì etí ọ̀kan, 38, ni mo bá lábẹ́ wáyà láàárọ̀ ọjọ́ kan, òun àti irun díẹ̀. N kò sọ pé ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí 30 March tó kọjá, ẹ rán àwọn tó ní àṣẹ wá gbé kẹ́ẹ̀gì yín, lówó yín. Ẹ dá owó ọjà mi padà pé, pẹ̀lú dọ́là 30 lọ́nà méjì. N kò fẹ́ káàdì ẹ̀bùn, n kò fẹ́ ẹ̀dínwó lórí ọjà mìíràn. N kò ra nǹkan kan lọ́wọ́ yín mọ́. Kí ẹ sì pe arábìnrin yẹn jókòó, kí ẹ ka òfin fún un, torí oníbàárà mìíràn lè gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, báńkì mi máa fipá gba owó náà lọ́wọ́ yín, mo ti bá wọn sọ ọ́. Ẹ̀sùn máa dé ọ́fíìsì Attorney General, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba Texas. Èyí tó kàn yín jù: mo ní ọjọ́ àti aago tí òṣìṣẹ́ yín ní kí n fi ẹ̀tù ránṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́, mo sì máa kọ ọ́ fún Postal Inspection Service, àwọn ọlọ́pàá ilé ìfìwéránṣẹ́, àti PHMSA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ẹrù eléwu. Ẹ kò lè ní mo parọ́. Ẹ̀rọ yín ló ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbé fóònù pé ẹ̀ ń ká ohùn wa sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ lọ gbọ́ ọ.

Ẹni tí ẹ bá rán wá, kó fun fèrè ní ẹnu géètì kó sì dúró sínú ọkọ̀. Mo ti ra ajá méjì.

Èmi ni,
Oníbàárà yín àná