Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì ní Leeds

Òṣogbo,
Ọjọ́ Sátidé.

Ìyá Ìbejì mi àtàtà,

Báwo ni òtútù ọ̀hún? Baba ìbejì ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí, a dúpẹ́. Ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn ọ́. O ní Táíwò àti Kẹ́hìndé ti pé ọmọ ọdún márùn-ún, síbẹ̀ búlọ́ọ̀kù márùn-ún ni tíṣà wọn ní kíláàsì Reception ṣì ń bá wọn tò, tó tún ń tú u ká, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ níbí ń ka ení dé ọgọ́rùn-ún láìmí. O ní ṣé kí o lọ bá tíṣà náà jà ni.

Jọ̀ọ́, má lọ. Obìnrin yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Ní táàmù tó kọjá, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá, ó ní ọmọ òun mọ ìṣirò. Lóòótọ́, ọmọ náà gbẹ́nu lé e, “wan, tuu, tirii”, ó dé àádọ́ta kí n tó ṣẹ́jú. Mo da èkùrọ́ méje sórí ẹní, mo ní kó bá mi kà á. Ẹnu rẹ̀ ń sáré, ìka rẹ̀ ò lè bá ẹnu. Ó fọwọ́ kan èkùrọ́ kan lẹ́ẹ̀mejì, ó fo òmíràn, ó ní mọ́kànlá ni. Mo ní, “Ó dáa, fún mi ní mẹ́rin níbẹ̀.” Ó bu ẹ̀kúnwọ́ fún mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí n pàtẹ́wọ́ fún òun. Ó dùn mí wọra. Orin ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì sọ fún un pé ìṣirò ni.

Ọmọ ìyá alákàrà ló jókòó tì í. Èyí ò lè ka dé ogún láìṣìnà. Mo kó èkùrọ́ náà síwájú rẹ̀, mo ní kó fún mi ní mẹ́fà. Ó ń kó wọn ní méjì-méjì sí mi lọ́wọ́, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ka àkàrà sínú bébà: “Méjì, mẹ́rin, mẹ́fà.” Ó dúró díẹ̀, ó wojú mi, ó mú ẹyọ tó kù, ó ní, “Èènì yín rèé, Àǹtí.” Mo ní, “Mélòó wá ni gbogbo rẹ̀?” Kò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láti kà á. Ó ní, “Méje.” Ìyá Ìbejì, omi bọ́ lójú mi. Ó mọ̀ pé mẹ́fà ti wà lọ́wọ́ mi, èènì ló kàn lé e. Ìṣirò nìyẹn!

Ohun tí tíṣà yín ń wá nìyẹn: kí ọmọ wo nǹkan mẹ́rin, kó mọ̀ pé mẹ́rin ni láìkà á, kó mọ̀ pé mẹ́ta àti méjì ni márùn-ún, mẹ́rin àti ọ̀kan náà ni márùn-ún. Iye dé mẹ́wàá ni ìlànà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kó yé ọmọ ọjọ́ orí wọn yékéyéké. Níbí, ìwé àṣetiléwá ni àwọn òbí fi ń díwọ̀n iṣẹ́ wa. Bàbá kan pariwo lé mi lórí lójú gbogbo ọmọ pé ìwé ọmọ òun ò ní nǹkan kan nínú. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ìka rẹ̀ ò tíì le tó kó fi pẹ́ńsù kọ ení dé ọgọ́rùn-ún. Amọ̀ ni mo ń jẹ́ kó fi mọ lẹ́tà, a sì ń fìka kọ ọ́ sínú iyanrìn.

Jẹ́ kí n sọ ti lẹ́tà náà fún ọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo ya ọkọ́ àti ọkọ̀ sójú pátákó, mo kọ orúkọ wọn sábẹ́ láìfi àmì ohùn sí i. Ọmọ kan nàka: “Àǹtí, ọ̀kan náà lẹ kọ!” Mo ní kí gbogbo wọn dìde, kí wọ́n fọwọ́ pe ohùn: ọkọ́, ọwọ́ lọ sókè, ọkọ̀, ọwọ́ wálẹ̀. Wọ́n ṣe é títí òógùn fi bò wọ́n. Ìgbà yẹn ni mo tó fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì lé e, wọ́n sì rí i pé ọwọ́ wọn ni mo yà síbẹ̀.

O tún ní ẹ̀rù ń bà ọ́ pé Yorùbá á dí wọn lọ́wọ́ ìwé. Ṣé o rántí iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá tí wọ́n kọ́ wa? Láti 1970, ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Wọn ò gbẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Nítorí náà, ka ẹ̀wà ogún sórí tábìlì, ní kí Táíwò mú márùn-ún kúrò, kí o wá pe orúkọ èyí tó kù fún wọn díẹ̀díẹ̀: àrùn-dín-l-ógún. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti ṣe ìṣirò. “Fifteen” ò lè sọ ìyẹn fún wọn.

Ọmọkùnrin ọjọ́sí ńkọ́? Òun ni oníbàárà ọmọ alákàrà báyìí. Lánàá mo gbọ́ ọ tó ń jà: “Mẹ́rin ni mo rà, mẹ́ta lo fún mi!” Mo yẹ̀ ẹ́ wò, òótọ́ ni.

Àbúrò mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti di ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta sínú àpò kékeré fún un. Má bá wọn kà á o. Jẹ́ kí àwọn ìbejì pín in fúnra wọn, kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé mélòó ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.